Ìdájọ́ Ọ̀kọ̀ Gígùn Lẹ́yìn Odi Grauental

Nígbà tí Wendel Strobach padà dé àárín ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n ti dó ti ìlú Grauental láti ìgbà ìkórè, èso ápù tó wà lẹ́yìn odi sì ti ń jẹrà lórí igi nítorí kò sí ará ìlú tó láyà láti jáde wá ká a. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibùdó kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ju igi ìdáná tó rù sílẹ̀, ó fọwọ́ ya àgbélébùú sí àyà ara rẹ̀, nítorí wọ́n ti ka Wendel mọ́ òkú láti ìgbà ìrúwé, òun àti àbúrò rẹ̀ Lenz, pẹ̀lú gbogbo àwọn tó kù sí òdìkejì odò lọ́jọ́ tí afárá já.

Afárá já. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ibùdó nìyẹn, bí ẹni pé àrá ló sán pa á. Wendel gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni mẹ́ta kó tó dé ìdí iná. Òun wà ní òdìkejì odò lọ́jọ́ náà. Ó fojú ara rẹ̀ rí i bí àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù ọ̀gágun ṣe ń kọjá lórí afárá tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi so pọ̀, tí àwọn ẹṣin ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ìyàwó tuntun, nígbà tí àwọn tó ti ń dá ọ̀tá dúró láti òwúrọ̀ ń retí kó kan àwọn. Ó rí àáké tó lọ sókè. Ọ̀tá kò tíì yọ lórí òkè nígbà náà rárá. Lenz ti gbé ẹsẹ̀ lé pákó àkọ́kọ́ nígbà tí okùn já, ó sì ṣubú sómi tòun ti ìhámọ́ra. Wendel nawọ́ mú un níbi ìgbànú, ṣùgbọ́n irin tó wà láyà ọmọ náà wúwo ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbé lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọ̀tá kó o lẹ́rú, tó ń fọ́ òkúta fún àwọn tó mú un. Àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀. Wendel kò kú. Àwọn mìíràn ń gbàdúrà kí wọ́n tó sùn. Òun a máa ro ọrùn Eitel von Rausegg, ọ̀gágun wọn, ibi tí iṣan ti ń lù lábẹ́ etí, a sì sùn dáadáa.

Eitel fúnra rẹ̀ ló jáde láti inú àgọ́ wá pàdé rẹ̀. "Ìkookò ilẹ̀ Swabia" ni àwọn ọmọ ogun ń kì í bó ti ń kọjá, ó sì ń ju ọwọ́ sí wọn. Ọkùnrin arẹwà ni, ohùn rẹ̀ tutù, kò sì sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ó fa Wendel mọ́ra.

"Strobach. Mo ti ní kí wọ́n ṣe ìsìn òkú fún ọ."

"Mo dúpẹ́, ọ̀gágun."

"Àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Ó kú."

Eitel mi orí. "Ó dùn mí dé egungun. Afárá burúkú yẹn. Èmi àtìwọ la jọ pàdánù èèyàn lọ́jọ́ náà." Ó gbá a léjìká, ọwọ́ rẹ̀ sì móoru. "Gba ìbọn, kó o máa bọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹni tó bá ti inú ikú padà wá, ó yẹ kó wà nítòsí mi."

Wendel rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lóko ẹrú.

Apollonia, ìyàwó Lenz, ń ta ọtí ọkà àti ọbẹ̀ gbígbóná lẹ́yìn àwọn kẹ̀kẹ́, níbi tí àwọn obìnrin ibùdó máa ń pa àgọ́ sí. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán lẹ́nu Wendel láìfi ìgbákọ sílẹ̀. Kò sunkún.

"Ta ló gé okùn náà, Ẹ̀gbọ́n?"

"Utz ló mú àáké. Eitel ló dúró tì í."

Utz ni ẹ̀ṣọ́ ọ̀gágun, géńdé kan tó ti ń sùn sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ Eitel láti ìgbà èwe rẹ̀, tó sì ń jẹ àjẹkù rẹ̀.

"Níbo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa dúró sí lójú ogun?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an."

"Pẹ̀lú ìbọn?"

"Pẹ̀lú ìbọn."

Ó bu ọtí kún ife rẹ̀ títí ó fi ń dà sílẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Kò pẹ́ lóòótọ́. Àwọn ará Grauental ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan lójijì láàárọ̀, wọ́n sì rọ́ jáde láti wá jó àwọn àkàbà tí àwọn ọmọ ogun ti kàn sílẹ̀ láti fi gun odi. Èéfín bo gbogbo ilẹ̀. Ariwo, ẹṣin tó ń yán, ẹnì kan tó ń pe ìyá rẹ̀. Nínú èéfín yẹn, ẹ̀yìn Eitel wà níwájú Wendel, ó sún mọ́ ọn débi pé ó rí ibi tí wọ́n ti lẹ awọ tuntun mọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó gbé ojú ìbọn sókè. Kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí ọta ti wá.

Kò yìn ín.

Kì í ṣe àánú. Ohun tó rí lọ́kàn ni bí wọ́n ṣe máa gbé ọkùnrin náà lórí apata, tí àwọn tó pàdánù ọ̀rẹ́ wọn létí odò yẹn gan-an á máa sunkún tẹ̀ lé e, tí àlùfáà á sọ pé akọni ṣubú. Wọ́n á ṣe ọ̀fọ̀ rẹ̀. Wendel sọ ìbọn kalẹ̀. Nígbà tí èéfín fi máa ká, àwọn ará ìlú ti sá wọlé. Wendel rí i pé Kilian ń wo òun.

Kilian, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, ni adájọ́ ẹgbẹ́ náà, arúgbó tí eyín rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ mọ́, tó mọ gbogbo òfin tí wọ́n ń búra sí lábẹ́ àsíá. Ó kàn yí ojú kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, Grauental ránṣẹ́ pé ebi ti borí àwọn. Eitel lọ bá àwọn àgbà ìlú lẹ́nu odi, ó di àsíá mú, ó sì búra fún wọn níwájú gbogbo ọmọ ogun: bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a ò ní fọwọ́ kan èèyàn, a ò ní dáná sun ilé. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn olórí ẹ̀ka sínú àgọ́ rẹ̀. Wendel dúró sẹ́yìn àga rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn.

"Bí ẹ bá ti wọlé tán," ni Eitel wí, ó ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, "ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì ṣe bó ṣe wù yín. Títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni mo fún yín."

Àwọn olórí ẹ̀ka wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gágun, ìbúra àárọ̀ yìí ńkọ́? Àbí ó ti jẹrà bí ápù wọn?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Kilian nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Àsíá wa lẹ fi búra."

"Aṣọ ni, Bàbá Kilian."

"Abẹ́ aṣọ yẹn náà ni àwọn tó wà níta ti búra láti máa tẹ̀ lé yín. Bó bá jẹ́ aṣọ lásán, kí ló so wọ́n mọ́ yín?"

"Oúnjẹ àti ẹ̀rù."

"Oúnjẹ máa ń tán."

"Ìyẹn ni ẹ̀rù ṣe wà." Eitel na ẹran sí i lẹ́nu ọ̀bẹ. "Ẹ jẹun, bàbá. Ilé ìjọsìn kọ́ ni mò ń darí. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ni pé kí ẹgbẹ́ yìí má túká kí òtútù tó dé, àwọn ọmọ yìí sì ti ń kùn. Bí wọ́n bá kó ìlú kan, wọ́n á tún lè tẹ̀ lé mi fún ọdún kan."

"Ìlú tó bá wà níwájú ńkọ́? Ta ni yóò tún ṣílẹ̀kùn fún wa? Wọ́n á máa jà títí wọ́n á fi jẹ awọ bàtà wọn tán, àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń tọ́jú ni yóò sì máa kú sábẹ́ odi."

"Nígbà yẹn, a ó gba àwọn mìíràn."

Kilian dìde, ó tẹríba, ó jáde. Kò fọwọ́ kan ẹran náà.

Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tó ru ẹ̀tù ìbọn ló dúró de Wendel. "Mo rí ibi tí ojú ìbọn rẹ kọ sí lánàá."

Ọwọ́ Wendel lọ sí ọ̀bẹ.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ká ní mo fẹ́ sọ ọ́ ni, orí igi ni ìwọ ì bá wà báyìí. Kí ló dé tí o kò yìn ín?"

"Wọn ì bá sunkún rẹ̀."

"Wọn ì bá sunkún rẹ̀, wọn ì bá sì fi ọ̀kan nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lónìí rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ àbúrò rẹ." Arúgbó náà jókòó sórí òpó kẹ̀kẹ́. "Pè é sínú agbo ìdájọ́ lọ́la. Òfin gba ẹni tó kéré jù nínú wa láyè láti fẹ̀sùn kan ọ̀gágun. Ó kàn ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dán an wò ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"N kò sí ní òdìkejì odò. Wọ́n á béèrè ohun tí mo fojú rí."

Wendel wò ó tìfuratìfura. "Ẹ ń wá ọ̀nà láti gba ìlú yẹn là. Èmi ò bìkítà bí wọ́n bá jó o. Ọrùn rẹ̀ ni mo fẹ́."

"Mo mọ̀. Ọ̀nà kan náà ló lọ síbi méjèèjì." Kilian nu ẹnu. "Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Bí ẹ̀rí rẹ kò bá dúró, ìwọ ni wọ́n máa fi ọ̀kọ̀ gún. Lọ rò ó."

Wendel kò rò ó púpọ̀. Ó ti ń rò ó láti ìgbà ìrúwé.

Nígbà tí oòrùn là, tí gbogbo ẹgbẹ́ to agbo lórí pápá kí wọ́n tó lọ gba ìlú, tí àsíá wà láàárín, tí Eitel ti gun ẹṣin rẹ̀ nínú ìhámọ́ra dídán, Wendel bọ́ sáàárín agbo ó sì gún ọ̀kọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Èmi Wendel Strobach fẹ̀sùn kan Eitel von Rausegg níwájú gbogbo yín. Ó búra lábẹ́ àsíá yìí pé òun kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ogun. Ó gé afárá mọ́ wa lẹ́yìn kí kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ má bàa ní ìpalára."

Eitel kò bínú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fún Utz ní ìjánu, ó sì rìn wọ inú agbo bí ẹni tó ń wọ ọgbà ara rẹ̀.

"Ọmọ tí mo fà mọ́ra níjọ́sí nìyí," ló wí. "Mi ò bá a jà. Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará, mo gé afárá náà? Bó bá jẹ́ mo gé e ńkọ́? Ọ̀tá ń bọ̀. Ta ló wà nínú agbo yìí tí kì í ṣe nítorí pé afárá náà kò sí mọ́ ló fi ń mí lónìí? Ẹni tó bá fẹ́ dá èémí rẹ̀ padà, kó na ọwọ́ sókè."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń mi orí sí i. Wendel rí i pé ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

"Ọ̀tá kò tíì yọ," ló wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní bèbè kejì, ẹ sọ ọ́ bí n bá ń purọ́. Kí lẹ rí tó ń kọjá nígbà tí àwa ń dúró? Èèyàn ni àbí àpótí?"

Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn agbo. Ẹnì kan sọ ọ́ jẹ́ẹ́ pé, "Àpótí ni." Ẹlòmíràn tún un sọ. Eitel gbọ́ ọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ ojú rẹ̀ sì wo ibòmíràn yàtọ̀ sí ojú àwọn èèyàn.

Kilian béèrè pé, "Ọ̀gágun, ta ló pàṣẹ kí wọ́n gé okùn náà kí ọ̀tá tó yọ?"

"N kò pàṣẹ," ni Eitel wí. "Utz ló gé e. Ẹ̀rù bà á. Mi ò fẹ́ dójú tì í láàárín yín, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e mọ́ra láti ọjọ́ yìí."

Utz dúró ti ẹṣin náà, ìjánu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀gá rẹ̀ bí ajá tí wọ́n gbá nípàá láìṣẹ̀ ṣe máa ń wo ẹni tó gbá a. Gbogbo agbo wò ó.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ wò mí kẹ́ ẹ tún un sọ."

Eitel kò wò ó.

Utz fi ìjánu sílẹ̀. "Èmi ni mo gé e lóòótọ́. Mo sọ fún ọ̀gá pé àwọn èèyàn wa ṣì wà lọ́hùn-ún. Wọ́n ní bí àwọn wọ̀nyẹn bá rọ́ gorí afárá pọ̀, ó lè rì, kẹ̀kẹ́ tó kẹ́yìn sì ṣì wà láàárín omi. Wọ́n ní kí n gé e bó bá ti dé bèbè." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo gé e. Ẹ ṣe èmi náà bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà mí."

Ìgbà yẹn ni agbo náà yí padà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Wendel ló yí i, Wendel sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni Eitel fẹ́ fi dí ihò, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì rí ara rẹ̀ nípò Utz. Kilian ní kí ẹni tó bá gbà pé ọ̀gágun jẹ̀bi dorí ọ̀kọ̀ kodò. Àwọn irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ níbí, lọ́hùn-ún, títí pápá fi dà bí oko ọkà tí òjò lù mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé àsíá ká aṣọ náà, ó sì fi orí òpó rẹ̀ gún ilẹ̀, nítorí a kì í na àsíá lórí ẹgbẹ́ tí olórí rẹ̀ ti da ìbúra. Wọ́n dá Utz sí, wọ́n sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́.

Wọ́n wá to ìlà méjì tó dojú kọ ara wọn, ọ̀nà tóóró tí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi máa gbà kọjá láàárín ẹnu ọ̀kọ̀ sì wà láàárín wọn. Wendel ti pọ́n ọ̀kọ̀ rẹ̀ láti àná. Ó mú ipò àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ ń dùn.

Kilian ń bọ̀ láti ẹnì kan dé òmíràn, kálukú sì ń sọ ohun tí òfin ní kí wọ́n sọ kó tó lè na ọ̀kọ̀: "N kò ní ìkùnsínú kankan sí ọkùnrin yìí. Òfin ni mò ń ṣe." Wọ́n ń sọ ọ́ kíákíá bí ẹni ń kí ará ilé kejì. Wendel mọ ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ ogun. Ó ti sọ ọ́ rí nígbà tí wọ́n pa olè kan tí kò mọ̀ rí. Kò tíì rò ó wò rárá.

Ó kan òun báyìí. Ó la ẹnu.

"N kò ní," ló wí, ó sì dúró.

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rọra sọ pé, "Sọ ọ́ jàre, Wendel. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Wendel wo àsíá tó dorí kodò. Kò sí ohun tó wù ú ju kó sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìbúra èké ni wọ́n fẹ́ pa ọkùnrin yìí fún, òun ló sì mú ẹ̀sùn náà wá, ní orúkọ Lenz. Kò lè gbé orúkọ ọmọ náà lé orí irọ́ mìíràn.

"Mo kórìíra rẹ̀," ló wí. "Bó bá jí lẹ́ẹ̀kejì, màá tún kórìíra rẹ̀."

Ó na ọ̀kọ̀ náà sí Kilian. Arúgbó náà gbà á.

"Ẹ ti mọ̀ pé n kò ní lè sọ ọ́," ni Wendel wí.

"Mo mọ̀. Ká ní mo sọ fún ọ, ṣé ìwọ ì bá wá sínú agbo?"

Ó wu Wendel kó gbá a lójú. Ó jáde kúrò nínú ìlà, ó sì dúró síbi tí ọ̀nà tóóró náà ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n dárúkọ àwọn tó kù sí òdìkejì odò, lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹgbẹ́ sì ń gbe orúkọ náà. Lẹ́yìn náà ni Eitel jáde láìní ìhámọ́ra, ó ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ kálukú gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n sì ń dá a lóhùn pé kí Ọlọ́run gbà á. Ó dé ọ̀dọ̀ Wendel.

"Dárí jì mí, Strobach."

"Rárá."

Eitel dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí èsì náà yí padà. Lẹ́yìn náà ló sáré wọ àárín ọ̀kọ̀, nítorí ẹni tó bá sáré kì í pẹ́ jìyà. Wendel ti ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé òun kò ní mójú kúrò, kò sì mójú kúrò títí ó fi parí.

Lọ́sàn-án, àwọn ará Grauental ṣílẹ̀kùn. Wọ́n tún na àsíá, Kilian ṣáájú, àwọn ọmọ ogun sì gba àárín ìlú kọjá lọ sínú ilé ìṣúra ọkà láìyà sí ojúlé kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń kùn. Wendel kò bá wọn lọ. Ó lọ sẹ́yìn àwọn kẹ̀kẹ́.

Apollonia dúró ti àgbá ọtí. Kò jẹ́ kó jókòó. "Ẹ gún un?"

"Rárá."

"Wọ́n dí yín lọ́wọ́?"

"Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé n kò kórìíra rẹ̀. N kò lè jẹ́ ẹ."

"Èmi ì bá jẹ́ ẹ." Ohùn rẹ̀ le bí òkúta. "Èmi ì bá jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹwàá, Ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi ni. Ẹ wá lọ jẹ́ kí àwọn àjèjì ṣe é."

"Mo mọ̀."

Apollonia yí ẹ̀yìn sí i, ó ń nu ife kan tó ti mọ́.

"Wọ́n dárúkọ Lenz?"

"Gbogbo wọn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí náà pè é."

"Ṣé wọ́n pè é dáadáa, àbí bí àwọn ará Bavaria ṣe máa ń fa orúkọ èèyàn?"

Wendel rántí pápá náà. "Àwọn kan fà á."

Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu Apollonia. "Inú máa ń bí i," ló wí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá, ó fi aṣọ ìdáná bojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ọkọ rẹ̀.